Ó Gbó Ni, àbí Ó Di Àtijọ́? Èdè-Ìperí fún Owó Àìròtẹ́lẹ̀ Lórí Ẹ̀rọ inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá èdè-ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn gbangba pé ó ṣeé ṣe láti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé (1984) àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú wọn tún fi ọ̀rọ̀ tí ó tó lò lé olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun èlò ayé kì í dúró de onímọ̀ èdè. Bí a ti ń parí ọ̀kan ni òmíràn ń dé.

Ibi kan wà tí àìtó ọ̀rọ̀ ti ń ná àwọn ènìyàn lówó gidi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní: ojú gíláàsì tí a ń fọwọ́ tẹ̀, àwòrán ilẹ̀ tí ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà, àti ẹ̀rọ tí ń pe olùrànlọ́wọ́ bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ gbà pé òun ti sanwó tán. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dákẹ́, a sì sọ fún un pé àfi kí ó san owó mìíràn kí ó tó tún fọhùn. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn olùtajà sábà máa ń fún owó náà, àwọn ògbufọ̀ sì ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí owó ìgbéga. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà, pé èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí, àti pé ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá yàn ni yóò jẹ́ kí òǹrajà mọ̀ bóyá òun ni ó yẹ kí ó sanwó.

2.0 Láti asọ̀rọ̀mágbèsì dé asọ̀rọ̀gbèsì

Orúkọ tí àwọn àgbà fún rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ kò le: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe sọ̀rọ̀, atọ́ka ìyísódì má, àti gba èsì. Fáwẹ́lì tí ó parí gba ni a pa jẹ tí ó fi di gbèsì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò wo àwọ̀ rẹ̀ tàbí bí ó ti tóbi tó. Ìwà rẹ̀ ni ó wò. Ó rí i pé ohun náà ń sọ̀rọ̀ síni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí a fi dá a lóhùn.

Rédíò inú ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ní tòótọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń fọhùn jáde kò mọ ọkọ̀ tí ó ń gbọ́ ọ. Bí rédíò náà bá bàjẹ́, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò tú u wò, yóò jó wáyà tí ó já pọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tí ó ṣe rédíò náà kò ní ọ̀nà kankan láti fi jókòó sí òkèèrè kí ó pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní módẹ́ẹ̀mù àti káàdì bí ti tẹlifóònù alágbèéká. Ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, ó sì ń gba àṣẹ láti òkèèrè: ó lè ṣí ilẹ̀kùn, ó lè gba àwòrán ilẹ̀ tuntun, ó lè pe olùrànlọ́wọ́ nígbà ìjàm̀bá. Láti ọdún 1996 ni General Motors ti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ OnStar. Nítorí náà iṣẹ́ yìí dábàá asọ̀rọ̀gbèsì fún ẹ̀rọ náà. Ìyísódì tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni a yọ kúrò, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì sì hàn kedere.

Orúkọ yìí tún ń tọ́ka sí orísun owó àìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń gba èsì, ẹnìkan ní láti wà lápá kejì tí ń fún un ní èsì. Ẹni náà ní ìnáwó tirẹ̀, ó ní ètò tirẹ̀, ó sì lè pinnu ọjọ́ tí yóò dákẹ́. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ra irin, táyà, àga àti gíláàsì, ṣùgbọ́n kò ra ẹni tí ń dáhùn.

3.0 Ohun tí ó di àtijọ́

Yorùbá kì í fi gbó pe di àtijọ́. Aṣọ tí ó fà ya nítorí pé a ti wọ̀ ọ́ pẹ́ ti gbó. Aṣọ tí ó ṣì le dáadáa ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn kò rán irú rẹ̀ mọ́ kò gbó: ó di àtijọ́ ni. Gbígbó ń ṣẹlẹ̀ nínú ohun náà fúnra rẹ̀. Dídi àtijọ́ ń ṣẹlẹ̀ lóde rẹ̀, nínú ayé tí ó yí i ká. Ohun kan lè di àtijọ́ láìgbó, ó sì lè gbó kí ó tó di àtijọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó yanjú jù lọ fún dídi àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbì ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìran-ìran ni a ń ka ọ̀nà tí tẹlifóònù alágbèéká fi ń sọ̀rọ̀: ìran kìn-ín-ní, ìran kejì, títí dé ìran karùn-ún. Módẹ́ẹ̀mù tí a ṣe fún ìran kan kò gbọ́ èdè ìran tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìran kìn-ín-ní ni àwọn ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ní asọ̀rọ̀gbèsì ń lò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2008 ni òfin tí ó pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa tọ́jú ìgbì náà dópin. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà tì í pa, àwọn ọkọ̀ tí kò gbọ́ ju ìran kìn-ín-ní lọ sì di odi.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀. AT&T ti ìgbì ìran kẹta pa ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2022, Verizon sì ti tirẹ̀ pa ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò farasin. Ìgbì ojú ọ̀run kò pọ̀ láìlópin. Bí ilẹ̀ ìlú ni ó rí: ẹni tí yóò kọ́ ilé tuntun ní láti wó ògbólógbòó. Ìran kẹrin àti ìkarùn-ún ń fẹ́ àyè, ìran kẹta sì ní láti dìde.

Bí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ síra. Àwọn kan rán àtúnṣe sọ́fítíwíà láti òkèèrè, kò sì ná onílé ọkọ̀ ní kọ́bọ̀. Àwọn kan pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan gba owó. Tesla, fún àpẹẹrẹ, béèrè dọ́là 200 láti pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù ìran kẹta nínú Model S tí a ṣe ṣáájú àárín ọdún 2015. Àwọn mìíràn kò pèsè ọ̀nà kankan, bọ́tìnnì ìpè ìrànlọ́wọ́ sì dúró sí òkè orí awakọ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́.

Ohun tí ó mú kí owó yìí ya òǹrajà lẹ́nu ni pé ọjọ́ orí ohun méjì tí kò dọ́gba ni a so pọ̀. Tẹlifóònù kì í pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ a máa lò ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì, ni àwọn àgbà wí. Ẹni tí ó fi ọgbọ́n ọdúnnìí sínú irin tí yóò lò ju ọdún mẹ́wàá lọ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀míì ń bọ̀. Òǹrajà ni kò mọ̀, nítorí pé a kò sọ fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó yé e.

4.0 Ohun tí ó gbó

Ọ̀rọ̀ kejì yàtọ̀ pátápátá. Ojú gíláàsì ńlá tí ó wà láàárín Model S tí a ṣe láàárín ọdún 2012 sí 2018, àti Model X tí a ṣe láàárín ọdún 2016 sí 2018, ní àpò-ìrántí kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8. Irú àpò-ìrántí yìí dà bí wàláà tí a ń kọ nǹkan sí tí a sì ń pa á rẹ́. Ojú wàláà a máa fẹ́lẹ́ sí i bí a bá ti ń pa á rẹ́ léraléra. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò-ìrántí yìí nígbà gbogbo, títí tí kò fi sí ibi tí ó ṣeé kọ nǹkan sí mọ́. Nígbà náà ojú gíláàsì yóò ṣú. Àwòrán tí ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn yóò lọ, agbára láti nu ìkùukùu ojú fèrèsé yóò lọ, ìró tí ń bá iná ìyànà rìn yóò sì dákẹ́.

Lákòókò kan náà ni ilé-iṣẹ́ náà ń ta ojú gíláàsì tuntun tí ó yára jù fún àwọn onílé ọkọ̀ wọ̀nyí. Ní ọdún 2020 dọ́là 2,500 ni iye rẹ̀, kí ó tó wálẹ̀ sí dọ́là 1,500 lẹ́yìn náà. Ìgbéga ni orúkọ tí ó bá ọjà yẹn mu. Síbẹ̀ ó ní ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín nínú: ẹ̀rọ tuntun náà kò gba rédíò. Ẹni tí ó bá fẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ padà yóò fi dọ́là 500 kún un.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ojú gíláàsì rẹ̀ ti ṣú, kì í ṣe ìgbéga ni ó ń wá. Ohun tí ó rà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ń wá. Àwọn kan san owó àtúnṣe, àwọn kan san owó ìgbéga nítorí pé ó dà bí ẹni pé bí a bá ti fẹ́ náwó, kí a kúkú ná an sórí tuntun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú pópó béèrè pé kí a pe nǹkan bí ọkọ̀ 158,000 padà. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé gbígbó lásán ni, pé kò sí ẹni tí ó lè retí pé kí irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àjọ náà kò gbà. Ní oṣù kejì ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti pe nǹkan bí ọkọ̀ 135,000 padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́.

Kí onímọ̀ èdè ṣàkíyèsí ibi tí àríyànjiyàn náà dúró lé. Kò sí ẹni tí ó jiyàn pé àpò-ìrántí náà ti lò tán. Orúkọ ni wọ́n ń jà sí: ṣé gbígbó ni, àbí àbùkù? Bí ó bá jẹ́ gbígbó, bí táyà tí ó fá, onílé ọkọ̀ ni yóò sanwó. Bí ó bá jẹ́ àbùkù, ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni yóò san án. Ohun tí àjọ náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni pé ẹ̀yà tí ààbò awakọ̀ rọ̀ mọ́, tí ó sì lò tán láàárín ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ti kọjá gbígbó. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo ni ó gbé ẹrù owó kúrò lórí ẹnìkan sórí ẹlòmíràn.

5.0 Ohun tí a tì pa

Ìpín kẹta ni èyí tí kò gbó, tí kò sì di àtijọ́. Ó wà nínú ọkọ̀, ó pé, ó lágbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a ti fi sọ́fítíwíà tì í. BMW kéde ní ọdún 2018 pé ní Amẹ́ríkà àwọn òǹrajà yóò máa san dọ́là 80 lọ́dọọdún kí tẹlifóònù wọn tó lè bá ojú gíláàsì ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Apple CarPlay. Àwọn ènìyàn kùn sí i, ilé-iṣẹ́ náà sì fòpin sí owó náà ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Ní ọdún 2022 ìròyìn tún kàn pé ní Kòríà Gúúsù, ẹni tí ó bá fẹ́ kí àga iwájú ọkọ̀ BMW rẹ̀ máa móoru lè san nǹkan bí dọ́là 18 lóṣù. Ní ọdún 2023 ilé-iṣẹ́ náà sọ pé òun ti pa ètò náà tì.

Ó tọ́ kí a sọ tẹnu olùtajà pẹ̀lú. Ó rọrùn fún ilé-iṣẹ́ láti ṣe àga kan náà fún gbogbo ọkọ̀ ju kí ó ṣe oríṣi méjì lọ. Ẹni tí kò fẹ́ ooru kò ní san owó rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ẹ lè san ti ìgbà òtútù nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú kì í ṣe iye owó náà. Wáyà tí ń mú àga móoru wà lábẹ́ ìdí wọn, nínú ọkọ̀ tí wọ́n rà, wọn kò sì lè lò ó. Bí a bá pe èyí ní ìgbéga, irọ́ ni a pa, nítorí pé kò sí ohun kan tí a gbé kúrò níbìkan lọ síbòmíràn.

6.0 Èdè-ìperí tí iṣẹ́ yìí dábàá

Ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ó yẹ kí a wò níhìn-ín ni ìdí tí a fi ń béèrè owó. Àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ni ó jẹ yọ láti inú àyẹ̀wò òkè.

(i) Àtúnṣe. Ó dúró fún mímú ohun tí ó bàjẹ́ padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, kò sì yẹ kí a wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ògbufọ̀ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí jù ú lọ gba ipò rẹ̀.

(ii) Ìpààrọ̀-ẹ̀yà. Ó dúró fún yíyọ ẹ̀yà kan kúrò kí a fi òmíràn sí ipò rẹ̀, yálà nítorí pé ó gbó tàbí nítorí pé ó di àtijọ́. Ó yẹ kí a máa sọ ìdí náà pọ̀ mọ́ ọn: ìpààrọ̀ nítorí gbígbó, ìpààrọ̀ nítorí àtijọ́.

(iii) Ìmúdójú-ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lójú tẹlifóònù àwọn ènìyàn. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ ni ì + mú + dé + ojú + ìwọ̀n, níbi tí ìpajẹ fáwẹ́lì ti sọ dé ojú di dójú. Ó dúró fún yíyí sọ́fítíwíà padà láìfọwọ́ kan ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ó dára, nítorí pé ó ń sọ pé ìwọ̀n kan ti wà tí ẹ̀rọ ní láti dé. Kò ṣèlérí ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

(iv) Ìgbéga. Ọ̀rọ̀ yìí ni a ti ń lò nílòkulò. Bí a bá gbé òṣìṣẹ́ ga lẹ́nu iṣẹ́, ó kúrò ní ipò kan, ó bọ́ sí èyí tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kì í sọ pé a gbé ẹni tí ó ṣubú ga nígbà tí a bá fà á dìde. Nítorí náà, ìgbà tí onílé ọkọ̀ bá gba ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí ó rà á nìkan ni ìgbéga tọ́. Bí ohun tí ó ní tẹ́lẹ̀ ni a dá padà fún un, àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀ ni, bí ó ti wù kí ẹ̀yà tuntun náà yára tó.

(v) Owó ìlò. Èyí ni owó tí a ń san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún fún ẹni tí ń dáhùn lápá kejì: ẹni tí ó ni ìgbì, ẹni tí ń rán àwòrán ilẹ̀ wá, ẹni tí ó jókòó de ìpè ìrànlọ́wọ́. Onítọ̀hún ń náwó bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́.

(vi) Owó ìṣílẹ̀kùn. Èyí ni owó tí a ń san kí a tó lè lo ohun tí ó ti wà nínú ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Owó ìtúsílẹ̀ wá sọ́kàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí owó tí a fi gba ẹni tí a jí gbé. Èdè-ìperí kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tan ẹnikẹ́ni.

(vii) Ìpèpadà. Ó dúró fún ìgbésẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbé láti pe ọkọ̀ tí ó ti tà padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ nítorí àbùkù. Ó yẹ kí gbogbo onílé ọkọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni ó ń sọ fún un pé kí ó má ṣe mú owó lọ́wọ́.

7.0 Ọ̀rọ̀ lórí ìṣákọ́lẹ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò lo ìṣákọ́lẹ̀ fún owó ọdọọdún yìí. Ìbéèrè náà tọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí ẹni tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń mú wá lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé ó fi ń ra ilẹ̀ náà. Ó fi ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun ni. Bí ó bá kọ̀ láti san án, tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀, onílẹ̀ lè lé e kúrò. Ó jọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó kọ̀ láti san owó ọdọọdún, tí àwòrán ilẹ̀ kúrò lójú gíláàsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ méjì wà tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Èkíní, àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti gba ilẹ̀ pé òun kò rà á. Ojú onílẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti sọ ọ́. Òǹrajà ọkọ̀ gbà pé òun ra gbogbo rẹ̀. Èkejì, orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni àgbẹ̀ ń dáko sí, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tirẹ̀ ni àga tí a tì wà. Bí ẹni tí ó ta ilé fúnni ṣe wá ń gba owó lóṣooṣù kí á tó wọ yàrá kan nínú ilé náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Síbẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ kọ́ wa ní ohun kan. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún rírà, fún yíyá, fún ìdógò àti fún ìṣákọ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dàpọ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

8.0 Ọkọ̀ tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí òkè òkun. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì mú wá sílé. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìtumọ̀ orúkọ náà fẹ̀ sí i, ó gba ọkọ̀ mọ́ra. Àpẹẹrẹ rere ni fún ẹni tí ń kọ́ni ní ìfẹ̀lójú ìtumọ̀.

Ọkọ̀ tí ó bá tòkun bọ̀ a máa gbé ẹ̀rọ tí a so mọ́ ibi tí ó ti wá dání. Módẹ́ẹ̀mù inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti ìlú tí ó ti wá, nítorí náà bọ́tìnnì ìpè ìrànlọ́wọ́ kì í pe ẹnikẹ́ni ní Èkó. Àwòrán ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà Àríwá nìkan. Nígbà tí ó jẹ́ rédíò lásán ni ó wà nínú ọkọ̀, rẹ́wáyà lè yọ ọ́ kí ó fi èyí tí a rà ní ọjà Ládípọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó dé láìpẹ́, ojú gíláàsì kan náà ni ó ń darí afẹ́fẹ́ tútù àti àwòrán ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ ti yọ púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Olùtajà tí ó bá sọ fún òǹrajà pé "gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́" lè má purọ́. Iná ń tàn lójú gíláàsì, bọ́tìnnì ń dún. Ohun tí ó yẹ kí òǹrajà béèrè ni pé: ẹ̀yà wo ni ó gbó? Èwo ni ó di àtijọ́? Èwo ni a tì, ta ni ó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání? Ó yẹ kí ó tún béèrè bóyá orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà nínú asọ̀rọ̀gbèsì náà, nítorí pé ẹni náà lè ṣì máa rí ibi tí ọkọ̀ wà.

9.0 Ìlò nínú ìtumọ̀ àti nínú kíláàsì

Kí a gbé gbólóhùn ìkìlọ̀ kan yẹ̀ wò, irú èyí tí ògbufọ̀ lè kọ láìronú:

(a) Ẹ̀rọ ọkọ̀ yín ti di ti àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó ìgbéga kí ẹ lè máa gbádùn rẹ̀ nìṣó.

Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó dákẹ́, kò sọ ẹni tí ó mú un dákẹ́, kò sì sọ iye ìgbà tí a ó sanwó. Ọ̀rọ̀ náà "nìṣó" fúnra rẹ̀ tako ìgbéga, nítorí pé ẹni tí ń bá ohun kan lọ kò tíì gòkè. Kí a fi wé èyí:

(b) Módẹ́ẹ̀mù ìran kẹta tí ó wà nínú ọkọ̀ yín kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti ti ìgbì rẹ̀ pa. Ìpè ìrànlọ́wọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àfi bí ẹ bá ṣe ìpààrọ̀-ẹ̀yà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó san owó rẹ̀. Owó ìlò ọdọọdún wà lọ́tọ̀.

Gbólóhùn (b) gùn ju (a) lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á mọ ibi tí òun dúró sí. Ó lè pinnu láti sanwó, ó lè pinnu láti fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá tún padà wá béèrè owó ìpààrọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, òun ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè.

Olùkọ́ lè fi èyí ṣe ìdánrawò. Kí ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀ràn mẹ́rin: bátìrì tí kò gba iná mọ́, àwòrán ilẹ̀ tí kò ní afárá tuntun nínú, àga tí a tì, àti rédíò tí ohùn rẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n sọ èyí tí ó gbó, èyí tí ó di àtijọ́, èyí tí a tì pa, àti èyí tí ó jẹ́ ìgbéga ní tòótọ́. Kí wọ́n sì sọ ẹni tí wọ́n rò pé ó yẹ kí ó sanwó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ti kọ́ bí a ti ń ka ìwé àdéhùn.

10.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé owó tí a ń béèrè lórí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn tí a ti rà á lè ní orísun mẹ́ta: gbígbó, dídi àtijọ́, àti títì pa. Ó ti dábàá ọ̀rọ̀ fún wọn, ó sì ti dín ààyè ìgbéga kù sí ibi tí ó tọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ààlà tí a pa sáàárín wọn.

Ìwọ̀n tí a sábà máa ń fi wọn èdè-ìperí ni bóyá ó ṣàpèjúwe iṣẹ́ ohun tí a fún lórúkọ, bóyá ó ṣe ṣókí, bóyá ó rọrùn láti pè. Ó yẹ kí a fi ìwọ̀n kan kún ìwọ̀nyí níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọjà: bóyá ẹni tí yóò sanwó lè gbọ́ orúkọ náà kí ó sì mọ ohun tí òun ń san owó lé lórí. Kì í ṣe ọwọ́ ògbufọ̀ ni ó wà láti dín owó náà kù, ṣùgbọ́n ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ láti má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ àìròtẹ́lẹ̀.